Ọ̀nà Atalẹ̀: Láti Kwoi Dé Ìdí Ààrò Wa

Bí òtútù bá mú ọmọ nílé wa n'Íbàdàn, atalẹ̀ ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ wá. Yóò gún un, yóò sè é, yóò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò sì fi oyin lé e. N kò béèrè ibi tí ó ti ń wá rí, àfi ìgbà tí owó rẹ̀ wọ́n gógó ní ọjà Bódìjà. Alátẹ náà wí fún mi pé, "Àǹtí mi, ẹ lọ bi àwọn ará gúúsù Kàdúná." Mo sì lọ lóòótọ́.

Láti Àbújá ni a ti wọkọ̀ dé Kwoi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Jaba, nítòsí abúlé Nok tí wọ́n ti hú àwọn ère alámọ̀ àtijọ́. Ìgbà ìkórè ni. Lórí àpáta, atalẹ̀ tí wọ́n ti là sí méjì ń gbẹ nínú oòrùn, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀: Tafin Giwa, èyíinì ni àtẹ́lẹsẹ̀ erin, tí ó sanra, àti Yatsun Biri, ìka ọ̀bọ, tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ó ta jù.

Ìyá àgbà kan mú mi wọ oko rẹ̀, awakọ̀ wa sì ń túmọ̀ Hausa rẹ̀ fún mi. Ní ọdún 2023, àrùn kan kọlu oko atalẹ̀ ní agbègbè náà: ewé pọ́n, atalẹ̀ sì rà mọ́lẹ̀. Bí iṣu ni atalẹ̀ rí. Ara rẹ̀ ni a ń gé ní èbù. Ìyá náà ní, "Ìkórè ọdún yẹn lọ, èbù ọdún tó tẹ̀ lé e náà sì bá a lọ." Ìgbà náà ni ọ̀wọ́n Bódìjà tó yé mi.

Ó fi atalẹ̀ gbígbẹ se tíì fún wa. Atalẹ̀ gbígbẹ máa ń ta ju tútù lọ. Òun ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ yájì tí a fi ń jẹ súyà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, atalẹ̀ dára fún èébì àti inú rírìn, títí kan ti aláboyún. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kí ó tó máa mu ún lámujù.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ìyá náà bu atalẹ̀ tútù méjì fún mi, nínú ìwọ̀nba tí ó ní. Nígbà tí mo délé, tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó gún ọ̀kan. Ó gbé èkejì sí ibi tútù lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ ni òun ń dúró dè.