MO NÍ OLÚWA BÁ MI SỌ̀RỌ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bi onílé àti àlejò léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ohun tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa. Ọjọ́ kan ni àwọn alàgbà bá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n gbé e sílẹ̀ fún arákùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà. Ẹ gbọ́ mi o, káfíńtà! Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá yanjú, tí orúkọ mi ń jáde nínú ìwé ìròyìn! Bó ṣe di ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo ní Olúwa bá mi sọ̀rọ̀ lóru, Ó ní n kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò lórí àga náà.

Irọ́ gbuu ni. Oorun ni mo sùn mọ́jú, àní mo hanrun. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ mọ́kàndínlógún gbà mí gbọ́. Kò pẹ́, a ti ń wá yàrá tí a ó háyà, ká dá ìjọ tiwa sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fi rán mi lọ sí Ìkejì-Arákejì, kí n lọ kọ nípa Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tí ìjọ C.A.C. dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2006. Àgbègbè ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá tó fi ń tẹ títì fún P.W.D. ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù October 1928. Gbogbo bó ṣe ń tún un ṣe, ẹ̀rọ kò dáhùn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tó pè é lórúkọ, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó o! Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ohùn náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìròyìn, mo rí i pé ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ.

Ohun tó gún mi lọ́kàn nìyí. Ohùn tí Babalọlá gbọ́ ní kó kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀. Tèmi, tí n kò tilẹ̀ gbọ́ rárá, ní kí n má kúrò nídìí oyè. Lọ́dún 1930, àìmọye èèyàn ló ń rọ́ lọ bá a ní Òkè-Ooyè, n'Íléṣà. Lọ́dún 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù tó ṣe lòdì sí àwọn àjẹ́; ó jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ẹni tó tó báyẹn, nígbà tí C.A.C. fẹsẹ̀ múlẹ̀, Isaac Akínyẹlé, tó wá di Olúbàdàn lọ́dún 1955, ni wọ́n fi ṣe Ààrẹ. Ajíhìnrere ni Babalọlá ń jẹ́ títí ó fi kú sí Ẹdẹ lọ́dún 1959. Ká ní èmi ni, ọlọ́pàá ni ì bá là wá.

Mò ń da ìbéèrè bo ìyá arúgbó kan tó wá gbàdúrà níbẹ̀, ni màmá bá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àtìgbà tó o ti dé lo ti ń sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́?"

N kò rí ìbéèrè mìíràn bi wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo tún bọ́ síwájú ìjọ. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Káfíńtà yẹn ló kọ́kọ́ dìde wá dì mọ́ mi. Mo ń bá a kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé báyìí.

Ọ̀dọ́ méjìdínlógún ti padà. Arábìnrin kan ṣoṣo ló kù. Ó ní bí irú èmi bá lè parọ́ mọ́ Ọlọ́run, òun kò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ti lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, kò jáde sí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ra ìwé ìròyìn yìí nílé wọn. Arábìnrin, jọ̀ọ́, èmi ni mo parọ́, kì í ṣe Ọlọ́run.