Arọ Náà Lè Kí Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ní Pleasure lọ sí Òṣogbo, bí arọ bá wà nínú yín, ẹ má fi í sílẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2005, ní èèwọ̀: a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gégi níbẹ̀. Arọ lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó kúnlẹ̀, tí ara rẹ̀ kò gbà, kí ó sọ fún olùtọ́jú ojúbọ. Ọbàtálá ni ó ni arọ. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè é. Ẹni tí ó bá fi í ṣẹ̀sín ni ó tàbùkù ojúbọ.