Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Alùpùpù Wo Ló Yẹ Ẹni Tí Kò Ga?

Láti ọdún 2012 tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ti buwọ́ lu òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ni ọ̀rọ̀ alùpùpù ti di àríyànjiyàn láàrin wa. Òfin náà lé alùpùpù kúrò ní ojú pópó 475, ó sì yọ àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù sílẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì wọn kò bá ti dín ní 200cc. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fòfin de ọ̀kadà akérò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Sùúrùlérè àti Lagos Mainland, níbi tí Yàbá wà, jẹ́ méjì nínú wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Mushin kún un.

Àwa oníròyìn ti kọ̀wé títí lórí àwọn tó pàdánù iṣẹ́ àti àwọn tó pàdánù ẹsẹ̀. Ìbéèrè kékeré kan wà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ara ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó fi 200cc ṣe òṣùwọ̀n?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú ìbéèrè náà wọ ilé mi. Aṣọ ọmọdé ló ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Sùúrùlérè. Owó tó ń san fún àwọn tó ń bá a gbé ọjà kiri fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè rẹ̀ lọ, ó sì pinnu láti ra alùpùpù tirẹ̀. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, kò gun alùpùpù rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ìyá rẹ̀ fárígá. Ó ní ẹni tí afẹ́fẹ́ lè gbé kò gbọdọ̀ wá ohun tí yóò tún máa sáré gbé e. Ọmọ náà tọ̀ mí wá, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀lé mi lọ sọ́jà, kí wọ́n má baà ta ohun tí kò yẹ mí fún mi.”

A lọ sí ìsọ̀ kan ní Mushin. Èyí tó ga jù lọ ni ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ròyìn agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí, kò sì bi oníbàárà rẹ̀ bóyá ó lè jókòó lé e. Mo ní kí ọmọ náà gùn ún wò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Yóò mọ́ ọn lára.”

Gígun alùpùpù a máa mọ́ni lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga ìjókòó kì í dínkù nítorí pé ó ti mọ́ni lára. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo máa ń lọ sí ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbòbì láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tí alùpùpù dá lẹ́sẹ̀ lẹ́nu wò. Kì í ṣe gbogbo wọn ló sáré àsápajúdé. Àwọn kan sọ fún mi pé dídúró ni àwọn fẹ́ dúró, tí ẹsẹ̀ àwọn kò bá ilẹ̀, tí alùpùpù sì wó lé àwọn. Ẹni tó bá mọ abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà ní àkókò òjò yóò mọ ohun tí mò ń sọ: dánfó dúró lójijì níwájú rẹ, o fẹ́ fẹsẹ̀ tilẹ̀, kòtò ni ẹsẹ̀ rẹ bá.

Ohun mẹ́ta ni mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa wò. Èkíní ni gíga ìjókòó, èkejì ni bí alùpùpù ṣe wúwo tó, ẹ̀kẹta sì ni iṣẹ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ṣe kó tó lè lọ. Ẹ́ńjìnnì kò sọ èyíkéyìí nínú wọn fún wa. Ẹ jẹ́ kí a fi alùpùpù Honda méjì ṣàpẹẹrẹ. Ìjókòó Rebel 300 kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 69 lọ, ti Super Cub C125 sì jẹ́ 78, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti àkọ́kọ́ ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Ẹni kúkúrú lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ lórí Rebel. Ṣùgbọ́n Rebel wúwo ju kílò 160 lọ, nígbà tí Super Cub kò ju nǹkan bí 110 lọ. Bí ó bá ṣubú, ta ni yóò bá a gbé e dìde? Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á jókòó lé e, kó tì í lọ tì í bọ̀, kó sì gbé e kúrò lórí irin tó fi dúró, kó tó ná an rárá.

Ní ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń da ọ̀pọ̀ àkọ́kọ́gùn láàmú. Bí ó bá tú u sílẹ̀ lójijì, alùpùpù yóò ta bí ẹṣin tí eṣinṣin ta, tàbí kí ó kú sí àárín títì. Ilé iṣẹ́ Honda ti wá ojútùú sí èyí láti ọdún 1958 tí wọ́n gbé Super Cub àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n yọ kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan wà á. Wọ́n ṣe àárín rẹ̀ ní gbàgede, kí aláṣọ gígùn lè gun orí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù 100.

Irú èyí ni àwọn ará wa ń pè ní “máṣíìnì lédíìsì”, tí ọkùnrin sì máa ń tijú láti gùn. Ẹ dé Kútọnù, ẹ ó rí tọkùnrin tobìnrin lórí alùpùpù kéékèèké lọ́nà ibi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Àwọn obìnrin tó fẹ́ràn alùpùpù ńlá náà sì wà láàrin wa: Jẹ́mínátù Olúmẹ́gbọ́n gun tirẹ̀ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2015 láti wá owó fún àwọn ọmọ òrukàn. Kì í ṣe pé kí obìnrin gba kékeré ni mò ń wí. Kí kálukú gba èyí tí ara rẹ̀ lè kápá ni.

Ibẹ̀ ni òfin ti há ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí alùpùpù tí kò lágbára lè di ẹran lẹ́nu ìjàpá ọkọ̀ àjàgbé ní Òpópónà Ìkòròdú. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ni òfin ń wọ̀n. Kò béèrè bóyá ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀ kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Bí ọmọ yìí bá ra èyí tó lè kápá, ojú pópó ńlá di èèwọ̀ fún un. Bí ó bá sì ra èyí tí òfin fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Kékeré tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ló padà rà, tòkunbọ̀ ni. Ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onípele A, ó sì ra akoto tó há a lórí dáadáa. Ó wá ẹni tó kọ́ ọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí títì bá dá, títí tí ẹ̀rù rẹ̀ fi dínkù. Ọ̀nà inú àdúgbò nìkan ló ń gbà, ọjà tirẹ̀ ló sì ń gbé, kì í kérò. Èyí tó bá jìnnà, ó ṣì ń sanwó fún àwọn tó ní alùpùpù ńlá. Èrè rẹ̀ kò tíì pé bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbà, àmọ́ ó ti ń rán an níṣẹ́.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, bí ẹ bá tún fẹ́ gbé òfin yìí yẹ̀ wò, ẹ má wo ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ń gùn ún kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “yóò mọ́ ọ lára” tà á fún yín. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá kanlẹ̀ ní ìsọ̀, kò ní kanlẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà.