Ojú Omi Láàárín Yìnyín

Omi mímu a máa dì bí òtútù bá dé òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Omi òkun kì í gbà bọ̀rọ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́. Àfi kí òtútù sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 1.8 nísàlẹ̀ òdo. Nígbà náà ni yìnyín wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ á yọ, ojú òkun á sì rí bí ọbẹ̀ àná tí ọ̀rá ti dì lójú rẹ̀. Bí ó ṣe ń dì ló ń ti iyọ̀ jáde sínú omi tó kù. Omi oníyọ̀ púpọ̀, tó tún tutù, a máa wúwo. Ó ń rì lọ sísàlẹ̀.

*

Ní ìpẹ̀kun ayé, òru a máa gùn tó oṣù mélòó kan, ìkùukùu ò sì jẹ́ kí ènìyàn rí ojú òkun. Kámẹ́rà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yàwòrán ò wúlò lásìkò náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì Nimbus-5 ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1972, ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń gba ìtànṣán máíkíròwéfù tí yìnyín àti omi ń tú jáde fúnra wọn. Yìnyín ń tú púpọ̀ jáde, omi tó ṣí sílẹ̀ ń tú díẹ̀. Lójú ẹ̀rọ yìí, yìnyín ló dà bí ohun gbígbóná, omi ló dà bí ohun tútù. Ọwọ́ wa ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí a mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nínú òkùnkùn.

*

Nígbà òtútù 1974, ẹ̀rọ náà rí ihò kan nínú yìnyín Òkun Weddell, ní ìpẹ̀kun gúúsù Àtìláńtíìkì, níbi tó yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti dì pa. Ihò yìí fẹ̀ tó nǹkan bí 250,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo ilẹ̀ Gánà á wọ inú rẹ̀. Ó tún ṣí ní 1975, ó ṣí ní 1976. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa dé. Ká ní ọdún 1977 ni a kọ́kọ́ ní ojú lókè, a kì bá tí mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí.

*

Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú ojú omi bẹ́ẹ̀ ní polynya, orúkọ náà sì ni àwọn onímọ̀ ń lò káàkiri. Àwọn kan wà tí ooru ń ṣí láti ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn wà tí atẹ́gùn ń ṣí. Ní Terra Nova Bay, ní Antarctica, atẹ́gùn líle ń já bọ̀ láti orí ilẹ̀ gíga, ó ń gbá yìnyín tuntun kúrò létí òkun. Omi tó ṣí á tún dì, atẹ́gùn á tún gbá a lọ. Bí alákàrà ni: èyí tó jinná á kúrò lójú epo, òmíràn á bọ́ sí i. Ibi tí ojú rí bíi pé kò sí yìnyín, ibẹ̀ gan-an ni yìnyín ti ń pọ̀ sí i jù.

*

Láàárín Greenland àti Kánádà, ojú omi kan wà tí àwọn Inuit ń pè ní Pikialasorsuaq: ibi ńlá tí omi ti ń ru sókè. Àfárá yìnyín máa ń dí ọrùn òkun tó wà lápá àríwá rẹ̀, tí yìnyín tó ń ṣàn bọ̀ ò fi ní dí i. Ẹyẹ òkun àti àbùùbùtán ń rí oúnjẹ níbẹ̀. Àwọn ọdẹ náà ń rí tiwọn. Orúkọ náà ti wà kí ẹ̀rọ kankan tó wọn ibẹ̀ láti òkè.

*

Ihò Weddell tún ṣí ní 2016 àti 2017, lẹ́yìn nǹkan bí 40 ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ̀ tó ti àtijọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ wà lókè, ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀: rọ́bọ́ọ̀tì tó ń rì tó sì ń léfòó, àti àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní síìlì, tí wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ lórí. Òkè kan wà lábẹ́ òkun níbẹ̀, Maud Rise, tó ń mú kí omi ìsàlẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ súnmọ́ ojú òkun. Iyọ̀ ojú òkun ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìjì líle sì rọ́ lù ú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn.

*

Láti ìparí 1978, sátẹ́láìtì kan ń gba iṣẹ́ wíwo yìnyín lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀nà Nimbus-7, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, kò kọjá ọ̀gangan ìpẹ̀kun àríwá, nítorí náà àyè òfìfo wà láàárín àwòrán rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e dín àyè náà kù. Láti oṣù Kejìlá 1987 sí oṣù Kìíní 1988, àkọsílẹ̀ já fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbàlọ́wọ́-ara-ẹni yìí ló jẹ́ ká lè sọ pé yìnyín òkun àríwá kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà onígun mẹ́rin ní oṣù Kẹsàn-án 2012, àti pé ti gúúsù kù sí mílíọ̀nù 1.79 ní oṣù Kejì 2023. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ yìí dúró nítorí owó rántí ihò 1974: kò dúró de ẹnikẹ́ni.

*

Omi tó rì ní Antarctica ń rọra wọ́ lọ sí àríwá nísàlẹ̀ Àtìláńtíìkì. Òkè gbọọrọ kan dá òkun náà sí méjì lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, àfonífojì jíjìn kan tí wọ́n ń pè ní Romanche la òkè náà kọjá. Ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú omi tútù yìí ti ń gbà wọ apá ìlà-oòrùn, lọ sí ọgbun òkun tiwa. Bí ènìyàn bá dúró létíkun Àgbádárìgì lọ́sàn-án, oòrùn ń ta, omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọgbun lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn baba wa ní Olókun ń gbé, omi tutù. Ẹ̀bá yìnyín ló ti kọ́kọ́ rì.