Kóńgò Méjì Nínú Ọjà Kan

Gààrí ni mo ń tà. Kóńgò kan náà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n fún olówó àti tálákà. Ní ọdún 2016, ọmọ mi tí ó ń gbé ní California dìbò fún Hillary Clinton. Ìbò Clinton fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ju ti Donald Trump lọ, síbẹ̀ Trump ni ó wọlé. Mo kígbe pé èrú ni!

Ọmọ mi ní, "Màmá, òfin wọn ni. Àwọn aṣojú 538 ni ó ń yan Ààrẹ. Iye ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ ní ni a ó kà, a ó sì fi Sẹ́nétọ̀ 2 kún un, ìbáà jẹ́ ìpínlẹ̀ ńlá tàbí kékeré."

Ní ọdún 2016 yẹn, California gba 55, Wyoming gba 3. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in fún iye ènìyàn, ẹnì kan ní Wyoming wúwo ju ẹni mẹ́ta ní California.

Ta ni yóò ra gààrí lọ́wọ́ mi bí kóńgò mi bá rí bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ọmọ mi kò jáwọ́ nínú ìbò dídì. Ó ní ẹni tí kò wá sí ọjà kò lè ná ọjà.