Èènì Ìrọ̀lẹ́ ní Bódìjà

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni, ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ. Mo jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ ìyá elélùbọ́ tí mo máa ń bá rajà ní Bódìjà, n'Íbàdàn, mò ń wo bí ọjà ṣe ń tú.

Ẹni tó bá ń ná Bódìjà mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni oúnjẹ ibẹ̀ ti ń wá: èlùbọ́ láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya. Mọ́tò ló ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, kò pẹ́ tí a fi rí i nínú kóńgò. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà nígbà náà ti kọjá 1,000 náírà ní ìparí ọdún 2024. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lóṣù Keje ọdún 2024, síbẹ̀ kò ra àpò ìrẹsì kan. Ẹni tó ń ra kóńgò márùn-ún tẹ́lẹ̀ ti ń ra ẹyọ kan. Ẹni tó ń ra ẹyọ kan ti ń fi agolo wọ̀n ọ́n.

Ọmọbìnrin kan dé, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà. Màmá mi ní kí ẹ wọn èlùbọ́ ààbọ̀ kóńgò."

"Màmá ẹ ńkọ́? Mi ò rí i lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

"Ara wọn ò yá, mà."

Ìyá elélùbọ́ kò tún bi í ní nǹkan kan. Ó wọn ọjà, ó dà á sínú ọ̀rá, ó gbowó. Lẹ́yìn náà ló tún tọwọ́ bọ inú abọ́. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó bu èkejì, ó bu ẹ̀kẹta.

"Èènì ẹ nìyẹn. Bá mi kí màmá ẹ o."

Èènì yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá mọ ọjà ná ló ń gba ẹ̀dínwó. Èènì, ẹ̀yìn tí owó ti wọlé ló ń dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́.

Oníbàárà kan dúró níwájú ìsọ̀ kejì tí kò sí ẹni tó ni ín níbẹ̀. Ìyá elélùbọ́ dìde, ó lọ bá a wọn gààrí, ó sì so owó rẹ̀ sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀. "Ti Ìyá Ìbejì ni. Ọmọ wọn wà ní ọsibítù láti ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ nínú wa ló ń bá wọn tà á."

Lẹ́bàá ọ̀nà, aláàárù kan ti ṣe òṣùká sórí, ṣùgbọ́n àpò tó wà nílẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó bá a gbé e rù. Ìyẹ̀fun kùn ún láyà. Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n pe ìrun àṣálẹ́. Toṣíláìtì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri. Ìyá elélùbọ́ wọn tèmi, ó fi èènì sí i. Mo bi í léèrè pé ṣé èyí kò ń pa èrè rẹ̀ lára.

"Wọ́n ti dín gbogbo nǹkan kù," ó ní. "Èmi ò ní bá wọn dín èyí náà."

Èènì kò lè dípò owó oṣù tó tó jẹun; ẹni tó ń ṣèjọba ṣì jẹ wá ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó san án, ọmọ yẹn ní láti jẹun alẹ́ òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ má jẹ́ kí èènì ó kú sí yín lọ́wọ́. Ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ mẹ́ta, àmàlà ẹnìkan ni.