Ẹni Tó Di Okùn Mú

Ẹni tó bá ti wo adẹ́mu lórí ọ̀pẹ rí mọ̀ pé igbà ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ dání. Òun nìkan ló ń gùn, òun nìkan ló ń yẹ igbà rẹ̀ wò. Gígun àpáta tí à ń kọ́ ní Skọ́tíláǹdì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ló wà lórí okùn kan: ọ̀kan ń gùn, èkejì dúró nísàlẹ̀, ó ń tú okùn fún un díẹ̀díẹ̀. Tí ẹni òkè bá já bọ́, ẹni ìsàlẹ̀ ló máa dá a dúró.

Àwa márùn-ún ni, iṣẹ́ sọ́fítíwia ni gbogbo wa ń ṣe ní Glasgow. Àpáta tí a mọ̀ láti kékeré ni Olúmọ, tó ní àtẹ̀gùn. Nígbà òtútù, Coire an t-Sneachda là ń lọ, láàárín àwọn òkè Cairngorms. Èdè Gaelic ni. Kòtò òjò dídì ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ náà ò sì parọ́. Ní oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀. Kókó tí a fi ọwọ́ lásán ta nínú ilé, a gbọ́dọ̀ lè ta á pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, nínú òkùnkùn, nígbà tí ìka ti kú.

Bí a ṣe ń dóòlà ẹ̀mí ló wá le jù. Ká ní ẹni tó ń gùn já bọ́, ó fara pa, ó ń rọ̀ dirodiro. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ "ẹ gbà mí o!" á sáré ni. Níbí, ẹni tó bá ju okùn sílẹ̀ kó lè sáré, ó lè fi pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Á kọ́kọ́ ta okùn ní kókó mọ́ irin tó ń gbà kọjá ní ìbàdí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Á wá wé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ okùn ńlá nígbà mẹ́ta. Prusik ni wọ́n ń pe kókó yìí, wọ́n fi sọrí Karl Prusik, ará Austria. Tí ìwúwo bá wà lórí rẹ̀, á há gírígírí. Tí kò bá sí, á máa yọ̀. Á so ó mọ́ irin tí wọ́n ti há mọ́ ojú àpáta, á rọra gbé ìwúwo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ló tó lè kúrò.

Níjọ́ tí a dán an wò, èyí tó kéré jù nínú wa ló ń rọ̀ lókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá, òtútù fẹ́ pa mí!" Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn, kókó ló ń ta. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní àwọn rò pé wọ́n ti gbàgbé òun ni. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, tí mo bá sáré, àwa méjèèjì la ó jọ lọ."

Òtútù náà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ooru ara bá ti wálẹ̀ ju 35°C lọ, ewu ti dé. Ẹni tó ṣì ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Tí kò bá gbọ̀n mọ́, tó wá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ó ti burú sí i nìyẹn. A ó pe 999, a ó béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà àwọn adóòlà orí òkè. Wọn ò gba owó oṣù, ọkàn rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí fóònù ò bá lọ, a ó fọn fèrè nígbà 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, a ó sinmi ìṣẹ́jú kan, a ó tún fọn ọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ ni fèrè 3.

Nínú iṣẹ́ wa, tí nǹkan bá bàjẹ́, a ó dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Àpáta ò ní àná.

Olùkọ́ wa ní ká máa sọ ọ̀nà tí à ń gbà àti aago tí a ó padà fún ẹnì kan tí kò ní bá wa lọ. Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni àwọn ẹbí wa wà. Nítorí náà, ẹni mẹ́rin ló ń gòkè báyìí, méjì méjì lórí okùn. Ẹnì karùn-ún á dúró sílé, fóònù lọ́wọ́. À ń gbà á ṣe láàárín ara wa. Tí kò bá gbúròó wa títí aago tí a dá, òun ló máa pe 999.